Ilẹ̀kùn Ní O Ti Wà Nínú Ilé

Gaëtan ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Lyon lọ́hùn-ún? Èmi wà, orúnkún mi wà, ológbò náà wà. Olúwa tó jẹ́ ká rí ìparí oṣù kẹwàá yìí kò ní jẹ́ kó tún pẹ́ ju báyìí lọ ká tó fojú kan ara wa. Àmín.

Abúlé wà bó o ṣe fi í sílẹ̀, àfi pé ariwo ti kúrò níbẹ̀. Nígbà tó o ṣì ń lọ síṣẹ́ ní Luxembourg lódìkejì ààlà, bí aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí bá ti lù, gbogbo ọkọ̀ á ti tanná, ẹ̀yin á máa ti ara yín níwájú ṣọ́ọ̀bù Rosalba oníbúrẹ́dì. Ní báyìí ewé ti bo àwọn ọkọ̀, àwọn tó ni wọ́n wà nínú ilé, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ò sí nílé. Mo gbé jáàmù lọ fún Solange ẹ̀gbẹ́ ilé wa lọ́jọ́ Ajé, ó yọjú, ṣẹ́ẹ̀tì funfun lókè, ṣòkòtò ìsùn nísàlẹ̀, ó ní màmá Gaëtan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ̀rọ̀, mo wà níbi iṣẹ́, ní Luxembourg. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, ilé ìdáná rẹ̀ ni.

O mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n péré lọ́dún lẹ lè fi ṣiṣẹ́ láti ilé kí ọ̀rọ̀ owó orí yín tó dàrú, òun lẹ̀yin méje tẹ́ ẹ jọ wà ní ilé iṣẹ́ onígíláàsì yẹn ṣe kó káàdì ìwọlé yín fún Anselme, bàbá arúgbó tó ṣì lè wa ọkọ̀, pé kó máa bá yín fi kan ilẹ̀kùn ibẹ̀ láràárọ̀, kó lè dà bíi pé ẹ dé. Tìẹ tó o fi sílẹ̀ sọ́dọ̀ mi, mo máa ń kọ́kọ́ fi í sáyà kó móoru kí n tó gbé e fún un, torí mo rò pé bó bá tutù, ilẹ̀kùn ò ní mọ̀ ọ́. Anselme rẹ́rìn-ín títí, ó ní ṣé ẹyin adìyẹ ni mò ń sàba lé ni.

Anselme ti kú, Gaëtan. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Mi ò sọ ọ́ lórí fóònù torí o ní ojú ọ̀run ni ohùn ń gbà, mi ò sì fẹ́ kó gbọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Inú ọkọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti bá a, kò tíì kọjá ààlà, káàdì méjèèje wà nínú fìlà lórí itan rẹ̀. Dókítà ní kò tó aago méje tó ti lọ. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìwọ lo pè mí pé kí n bá ọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, pé ìwé fi hàn pé o wọlé ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin. Mo ní mo gbọ́. Wọ́n ti tẹ́ ẹ sí yàrá nígbà yẹn, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni mò ń gbé káàdì lọ báyìí. Solange ní kí n má dán an wò, ṣé mo fẹ́ kí ọlọ́pàá wá gbé arúgbó ni, ó sì fi tiẹ̀ sí mi lọ́wọ́. Mò ń wọ ọkọ̀ ojú irin, èmi nìkan láàárín ìjókòó ọgọ́rin. Bí mo bá fi káàdì kan ilẹ̀kùn, iná kékeré á tàn, á ní káàárọ̀ Solange, èmi náà á dáhùn, torí kò dáa kí wọ́n kíni kéèyàn má jẹ́. Tìẹ ni mò ń fi kẹ́yìn. Bó bá ti ní káàárọ̀ Gaëtan, ó máa ń dà bí ìgbà tí mò ń sìn ọ́ lọ síléèwé. Lọ́jọ́ kan mo tiẹ̀ wọlé. Kò sí ẹnì kankan, iná ń tàn níwájú mi, ó ń kú lẹ́yìn mi. Mo rí fọ́tò bàbá rẹ lórí tábìlì rẹ ní àjà kẹta, mo nù ún.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, iná pupa ló tàn. Ilẹ̀kùn ní Gaëtan ti wà nínú ilé. Mo fi aṣọ nu káàdì, mo tún fi kàn án. Gaëtan ti wà nínú ilé. Mo gbójú sókè, fèrèsé kan ṣoṣo ló mọ́lẹ̀, tìẹ ni.

Mi ò sá. Mo jókòó síwájú ibẹ̀ pẹ̀lú búrẹ́dì àti wàràkàṣì nínú àpò, mo ní ebi á pa ọ́, wàá jáde. O ò jáde. Nígbà tó di aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, iná yẹn kú. Láìpẹ́ ilẹ̀kùn ṣí fúnra rẹ̀, ó dúró díẹ̀, ó padé. Mo ní Gaëtan, mo na búrẹ́dì náà síwájú.

Mo pè ọ́ nígbà tí mo délé, o ní Lyon lo wà látàárọ̀. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n Solange náà máa ń sọ ibi tó wà fún mi.

Owó tíkẹ́ẹ̀tì mi ti tán, mo sì fẹ́ ra òdòdó sí sàréè bàbá rẹ fún ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́. Má fi owó náà ránṣẹ́ gba báńkì. Fi ọwọ́ ara rẹ gbé e wá. Oṣù mẹ́rìnlá rèé tí mo ti rí ọ gbẹ̀yìn, mo fẹ́ di àtàǹpàkò òsì rẹ mú, níbi tí ọ̀bẹ ti gé ọ nígbà tá à ń ṣe jáàmù. Àwo méjì ni mo máa gbé kalẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì lóòótọ́, ẹ wá méjèèjì, ọ̀dùnkún á kárí. Kìkì kó má jẹ́ èkejì nìkan ló máa wá. Ó ti mọ ọ̀nà, ojú rẹ ló sì ní, bó bá kan ilẹ̀kùn, màá ṣí i.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ lójú kan ṣoṣo.

Èmi ni ìyá rẹ,
Huguette