Fìlà Kúùkù Lásìkò Igogo

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Sẹ́tẹ́ńbà 1956
Mo tà tán kí aago méjì tó lù. Àwọn dẹ́rẹ́bà ló kó èyí tó pọ̀ jù. Sọ́séèjì màlúù tí mo fọwọ́ ara mi rọ sínú ìfun, tí mo yan lórí èédú, tí mo là sí méjì sáàárín búrẹ́dì. Ọbẹ̀ tútù lórí rẹ̀: àlùbọ́sà, ata, òróǹbó wẹ́wẹ́, efinrin. Ní èbúté Buenos Aires lókè òkun, níbi tí mo ti kọ́kọ́ jẹ ẹ́ nígbà tí mò ń ṣe kúùkù ọkọ̀, ewé tiwọn ni wọ́n ń rẹ́ sí i. Efinrin dùn jù ú lọ, kí n má purọ́.

Ìyá Búrẹ́dì (Ṣẹ̀fíátù lorúkọ rẹ̀, àtẹ búrẹ́dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi ní páàkì) ní fìlà funfun mi ló ń pe oníbàárà. Fìlà kúùkù ọkọ̀ òkun. Ọdún méjìlá ni mo ti ń dé e.

Gbogbo Ọ̀wọ̀ ló ti jẹ ẹ́ tán, àfi Baba mi.

Ọjọ́bọ̀, 6 Sẹ́tẹ́ńbà
Mo gbé méjì lọ fún Olóhùn-Kan nílé rẹ̀ ní àdúgbò Idasen. Bí mo ṣe ń pe Baba nínú ìwé yìí nìyẹn, nítorí kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kí n gbé e sílẹ̀. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, ó ti gbé e fún obìnrin tó ń gbá àgbàlá.

Mi ò bínú. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà tí mo sá lọ sórí omi láìdágbére, ní 1944. Ìyá mi kú, mi ò sí nílé. Mi ò bèèrè ilẹ̀ lọ́wọ́ Baba, mi ò bèèrè oko. Kó ṣáà jẹ oúnjẹ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré, kó pè mí lọ́mọ.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Sẹ́tẹ́ńbà
Àbúrò mi Veronica dá mi dúró lẹ́yìn Mísà. Baba ti sọ fún un pé bí ọdún Igogo bá parí, òun á wá sí páàkì fúnra òun, kí òun wo ohun tí mò ń ṣe. Baba ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Sẹ́tẹ́ńbà
Igogo ti wọlé. Kò sí ìlù níbikíbi. Ọkùnrin kò dé fìlà, obìnrin kò wé gèlè. Ìyá Búrẹ́dì fi gèlè tirẹ̀ sílé. Ó wò mí lórí, ó ní, Sylvanus, fìlà yẹn ńkọ́? Mo ní fìlà iṣẹ́ ni, kì í ṣe fìlà oge, kúùkù kì í jẹ́ kí irun já sínú oúnjẹ. Ó ní ṣé Igogo mọ kúùkù yàtọ̀ ni?

Mi ò ṣí i. Orí kunkun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Sẹ́tẹ́ńbà
Wọ́n já fìlà náà gbà lórí mi. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò, bíi mẹ́jọ. Wọ́n jù ú sínú èédú, ó jó. Mo pariwo pé mo ti dé ìlú méje lókè òkun. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé ọmọ ta ni eléyìí, tí kò mọ Igogo?

Mo sì dárúkọ Baba. Ẹnu ara mi ni mo fi dá a.

Ọjọ́ Ajé, 17 Sẹ́tẹ́ńbà
Veronica wá, ó ń sunkún. Àwọn àgbà àdúgbò ti ránṣẹ́ pe Baba. Arúgbó ẹni àádọ́rin ọdún dọ̀bálẹ̀ fún àwọn tí ó jù lọ́jọ́ orí, ó ní òun ni kò kọ́ ọmọ náà dáadáa. Ewúrẹ́ àti obì ni wọ́n ní kó mú wá. Fúnra rẹ̀ ló fa ewúrẹ́ náà lọ.

Ojú tì mí. Ojú tì mí gan-an.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Sẹ́tẹ́ńbà
Mo ti wà ní ìlú Ipele, nílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Kí n tó kúrò, mo kọ́ Ìyá Búrẹ́dì bí wọ́n ṣe ń rọ sọ́séèjì àti bí wọ́n ṣe ń po ọbẹ̀ rẹ̀, kó máa bá mi tà. Kò sí ojú tí mo fẹ́ fi wo Baba.

Ọjọ́rú, 26 Sẹ́tẹ́ńbà
Òjò. Mi ò jáde.

Ọjọ́rú, 3 Ọkitóbà
Mo padà sí páàkì láàárọ̀ yìí. Ìyá Búrẹ́dì kò kí mi, ó kàn fi àpótí tí mo máa ń jókòó lé hàn mí. Ó ní Baba jókòó síbẹ̀ lánàá.

Igogo ti parí, ó sì wá bí ó ṣe sọ. Aṣọ òkè rẹ̀ ló wọ̀. Ó bèèrè mi. Ìyá Búrẹ́dì ní mo wà ní Ipele. Baba ní kó fún òun ní ọ̀kan. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ọbẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ó dùn. Ó ní kí wọ́n sọ fún mi pé ọmọ Ọ̀ghọ̀ (bí àwọn àgbà wa ṣe ń pe Ọ̀wọ̀) ni mí, iná tó jó fìlà kò jó ìyẹn.

Nígbà tó dìde, ó tún sọ ọ̀kan. Ó ní ní 1944, nígbà tí òun gbọ́ pé mo wà l'Ékòó, òun wọ lọ́rì dé Àpápá. Ọkọ̀ òkun mi ti lọ láàárọ̀ ọjọ́ náà.

“Ẹ bá mi sọ fún un pé ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí mo wá a débi tó yẹ kó wà, tí mi ò bá a. Ẹsẹ̀ mi kò gbé ẹ̀ẹ̀kẹta.”

Ọdún méjìlá. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí pé ó wá mi. Èmi tí mò ń rò pé kò bìkítà!

Mi ò dáná lónìí. Idasen ni mò ń lọ, n ó fẹsẹ̀ rìn ín.