Èèyàn Méjì Nílé Màmá

Firmin, àbúrò mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Kánádà, ìwọ, ìyàwó wa àtàwọn ọmọ? Orúnkún ṣì ń dà mí láàmú, òtútù sì ti pa ewúrẹ́ kan.

Èmi ni mo ń ka àwọn ará Montbrousse, ìlú wa, fún ètò ìkànìyàn ìjọba lọ́dún yìí. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wá tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta kú, ó ku méjìdínlọ́gbọ̀n. Bí mo ṣe ń ti fọ́ọ̀mù sábẹ́ ilẹ̀kùn kiri, mo ṣèèṣì ti ọ̀kan sílé Màmá, tó wà ní títì láti ọjọ́ tí a ti sin wọ́n. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Nígbà tí mo padà lọ gba àwọn fọ́ọ̀mù, ti ilé Màmá ti yọ sóde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Wọ́n ti kọ ọ́ tán, ọwọ́ ìkọ̀wé Màmá gan-an: èèyàn méjì ló ń gbébẹ̀.

Olórí ìlú wa bú sẹ́rìn-ín. "Léontine, ẹ̀rù òkú tún ti ń bà ọ́? Fọ́ọ̀mù tí wọ́n bá ti kọ, kíkà ni! A ti pé ọgbọ̀n tí ìjọba ní ká pé, wọn ò ní lè dà wá pọ̀ mọ́ ìlú ìsàlẹ̀ mọ́."

Kò wo orúkọ. Ti Màmá ló ṣáájú, tìrẹ ló tẹ̀ lé e. Màmá kọ ọ́ pé Sátidé tó kọjá lo dé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ilé rẹ. Jọ̀wọ́, tètè fèsì, má sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ bá ọ kọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Léontine