Awó Méjì Tí Kò Dé Ọwọ́ Opó

Ẹ kú ilé o, Màámi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà nínú yàrá mi ní Fate nílùú Ìlọrin níbí kí n tó mú bírò. Mo kí yín, mo kí Bùrọ̀dá Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn, mo kí Dúpẹ́ àbúrò mi tí yóò ka ìwé yìí sí yín létí. Dúpẹ́, jọ̀ọ́, bí o bá kan ibi tí kò dára, má fò ó. Ìdí tí mo fi gbé e fún àwọn oníwèé ìròyìn nìyẹn, dípò kí n fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ. Mo mọ̀ ọ́, wàá fẹ́ bò mí láṣìírí. Irọ́ rọrùn lórí fóònù, Màámi. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, á kọjá lọ. Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ sórí ìwé kò ṣeé sẹ́. Mo ti yí orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn padà, ṣùgbọ́n ẹ̀yin á dá gbogbo wọn mọ̀.

Ẹ máa ń béèrè bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ó ń lọ. Àwọn ọmọ pọ̀ ní kíláàsì mi débi pé àwọn kan ń jókòó sójú fèrèsé, ẹfun ìkọ̀wé sì ti fẹ́ẹ̀ gba ohùn lọ́rùn mi. Ooru Ìlọrin lọ́dún yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, páànù orí ilé á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn. Owó oṣù ń wọlé, ó sì ń jáde kí n tó mọ àwọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí èyí ni mo fi ń kọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ Rìsíkátù ni.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí láti Ọ̀mù-Àrán, mo lè wà láti ọ̀sán Fúráìdè títí di àárọ̀ Mọ́ńdè kí n má gbọ́ kí ẹnì kan pe orúkọ mi. Rìsíkátù ló yọ mí nínú rẹ̀. Mo gbé búláòsì kan tó tóbi jù lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀ ní Ṣàngó pé kó bá mi dín in kù. Dípò kó wo búláòsì, ojú mi ló wò, ó ní ṣé mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun. Ó ní irọ́ ni. Ó ṣí abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó pín in sí méjì. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn.

Òun náà ló kó wa jọ. Ó ti mọ Bùsáyọ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan ní GRA, tó sì ní mọ́tò. Èmi mú Sàfúrátù wá, ọmọ ilé kéwú, tí a jọ ń ṣe tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ kan náà. Ọ̀sẹ̀ méjì méjì, tó bá di Sátidé, àwa mẹ́rin á jáde. Ọgbà kan wà ní GRA tí wọ́n ti ń yan ẹja lábẹ́ igi. Ibẹ̀ ni a máa ń lọ jù. Nígbà mìíràn a ó gbé ẹní lọ sí etí omi, Rìsíkátù á ti dín wàrà tó fi ata sí, Sàfúrátù á gbé sóbò inú kúlà, a ó ta lúdò títí ojú á fi wọlẹ̀. Bùsáyọ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n na òun. Tó bá ti rí i pé wọ́n fẹ́ na òun, á fẹsẹ̀ gbá lúdò náà dànù, á ní afẹ́fẹ́ ni. Rìsíkátù á rẹ́rìn-ín títí á fi di ìhà mú. Mi ò ní purọ́ fún yín pé kò dùn. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì tí kò ní ọkọ, tó ń gbé yàrá kan nílùú onílùú, tó sì ní Sátidé báyẹn, kò ní ohun tó ń bẹ Ọlọ́run fún mọ́.

Ẹ rántí ìgbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi. Kí ẹ tó dé, Rìsíkátù ti tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. Ẹ bá a níbẹ̀ tó ń fọ aṣọ tí mo bì sí. Ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ẹ ní ọmọ tí ẹ kò bí ni. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ kì í pè mí kí ẹ má béèrè rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá ni ọkọ rẹ̀ kú. Ó lọ kírun àsùbáà, ó jókòó ti ògiri mọ́sálásí bí ẹni tó ń sinmi, kò sì dìde mọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ síbi àdúà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ onígbàgbọ́ lè má mọ̀ pé oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó Mùsùlùmí fi ń jókòó sílé. Tàkàbà ni wọ́n ń pè é. Kì í lọ òde àríyá, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Rìsíkátù ti ṣọ́ọ̀bù pa. Bùsáyọ̀ gbá a mọ́ra lójú gbogbo èèyàn, ó ní bí Rìsíkátù kò bá lè wá sóde, òde á wá bá a nílé. Pé gbogbo Sátidé tí a bá ń jáde, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ó máa wá, a ó jókòó tì í, a ó jọ jẹun. Sàfúrátù ní ìn-ṣáà Allāhu. Èmi náà ní bẹ́ẹ̀ ni.

A kò lọ.

Sátidé àkọ́kọ́, mọ́tò Bùsáyọ̀ bàjẹ́. Ìkejì, Sàfúrátù ní kò yẹ kí á máa kó ariwo wọ ilé ẹni tó wà nínú tàkàbà, kí á fi í sílẹ̀ pẹ̀lú Ọlọ́run rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà gbọ́ ti ẹ̀sìn, ó sì rọ̀ wá lọ́rùn, a gbà á. Nígbà tó di ìkẹta, a kò tilẹ̀ wá àwáwí mọ́. A kàn bá ara wa nínú ọgbà ní GRA ni. Ẹlẹ́ja tó mọ̀ wá kó àga mẹ́rin wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bùsáyọ̀ gbé báàgì rẹ̀ lé ìkẹrin.

Lákọ̀ọ́kọ́, Rìsíkátù máa ń kọ̀rọ̀ sí wa lórí wáásáàpù, á ní kí la jẹ lónìí. A ó fi fọ́tò ẹja ránṣẹ́ sí i. Èmi ni mo máa ń kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé kò dùn tó bó ṣe yẹ nítorí kò sí níbẹ̀. Nígbà tó yá, kò béèrè mọ́. Kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ ọjà ń gba iwájú ilé rẹ̀, Màámi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tẹjú mọ́ fóònù títí a fi kọjá.

Bí ẹ ṣe ń béèrè rẹ̀ tó, ìgbà yẹn ni mo tó sọ ikú ọkọ rẹ̀ fún yín, ẹ sì fi awó méjì ránṣẹ́ nínú agbọ̀n, láàyè. Ẹ ní kí n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n, kí n gbé wọn lọ bẹ́ẹ̀, kí àwọn ará ilé rẹ̀ dúńbú wọn fúnra wọn, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ tó bá ń jẹ ẹ́. Ẹ rò ó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, láti ọ̀nà jíjìn, fún ọmọ ẹlẹ́sìn mìíràn.

Ọjọ́ Fúráìdè ni agbọ̀n náà dé. Mo ní bí mo bá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, n ó gbé e lọ. Nígbà tí Bùsáyọ̀ wá gbé mi lọ́jọ́ Sátidé, ó gbọ́ igbe wọn ní kíṣìnì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló ń jẹ awó nínú ọ̀fọ̀, pé tó bá di Mọ́ńdè a ó ra adìyẹ méjì tó sanra fún Rìsíkátù, kò sì ní mọ ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo fi ọwọ́ ara mi gbé agbọ̀n náà sínú bùútù mọ́tò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Sàfúrátù dúńbú wọn ní ẹ̀yìn ọgbà, ó pe bísímílà lé wọn lórí, ẹlẹ́ja yan wọ́n, ó fi ata àti àlùbọ́sà sí i. A jẹ ẹ́ tán. Ó dùn, Màámi. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn, pé ó dùn.

Kò sẹ́ni tó ra adìyẹ kankan lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ pè. Ẹ ní ṣé ó rí i gbà. Mo ní ó rí i gbà. Ẹ ní kí ló sọ. Mo ní ó ṣàdúrà fún yín; pé ó ní ọwọ́ tí ẹ fi ṣoore kò ní gbẹ, pé ẹ kò ní fi ojú sunkún ọmọ, pé ọjọ́ tí ẹ bá nílò èèyàn, ẹ ó rí èèyàn. Mo gbọ́ tí ẹ sún àga. Ẹ ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, ẹ sì ń ṣe àmín lọ́kọ̀ọ̀kan. Màámi, ẹnu èmi ni àdúrà yẹn ti wá. Rìsíkátù kò gbúròó awó kankan.

Tàkàbà parí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta múra lọ́jọ́ Sátidé, Bùsáyọ̀ ra kéèkì, a ní a fẹ́ lọ mú Rìsíkátù jáde. Ó ti rù. Ìyá àgbàlagbà kan tó ń ta ẹ̀kọ lójú ọ̀nà níwájú ilé náà, tí a máa ń kí láti inú mọ́tò láìsọ gíláàsì kalẹ̀ tán, jókòó sórí àga nínú pálọ̀ bí onílé. Rìsíkátù sọ fún wa pé ìyá náà ló ń wá sun ọ̀dọ̀ òun láti ọjọ́ tí èrò àdúà ti túká. Ó gbé omi fún wa. Bùsáyọ̀ ní kó lọ wọṣọ, pé ẹlẹ́ja ń béèrè rẹ̀.

Rìsíkátù ní òun dúpẹ́. Ó ní òun kò bá wa jà. Ó ní ẹgbẹ́ òde ni wá, a sì mọ òde ṣe, òun gbádùn wa gan-an. Ó ní òun lòun ṣì í, òun lòun mú ẹgbẹ́ òde ṣe ẹbí. Kò gbóhùn sókè. Ká ní ó pariwo ni, ara ì bá tù mí. Ó sìn wá dé ẹnu géètì, ó kí wa pé a kú ìrìn.

Nínú mọ́tò, Bùsáyọ̀ ní opó náà ti ń gbéra ga. Sàfúrátù ní ọ̀fọ̀ ló ń ṣe é, á lọ. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn lórí ibi tí a ó ti jẹun. Mo ní kí wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀. Wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, wọ́n sì lọ jẹun.

Ẹ má rò pé mo yí padà lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ló gbà mí kí n tó lè dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ń gé aṣọ. Mo ròyìn awó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò yọ bùútù kúrò, mi ò yọ ata kúrò. Kò wò mí. Nígbà tí mo dé ibi tí ẹ ti pè, ó béèrè irú àdúrà tí mo ní òun ṣe. Mo kà á fún un. Ó gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó gbọ́ ọ tán, ó ní àmíìn. Ó ní àdúrà náà dára, pé òun ì bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún yín. Ó wá ní kí n má fi ẹnu òun ṣàdúrà mọ́ láé. Ó mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó ní ṣé mo mú aṣọ wá, pé bí mi ò bá mú aṣọ wá, àwọn kọ́sítọ́mà ń dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn. Mo ti kúrò lórí wáásáàpù wọn; mo gbọ́ pé wọ́n ní mo ń ṣe ẹni mímọ́. Lọ́jọ́ Sátidé, mo ń máàkì ìwé àwọn ọmọ nínú ooru. Bí mo bá sì sọ fún yín pé àárò ọgbà yẹn kì í sọ mí, irọ́ mìíràn nìyẹn. Ó ń sọ mí. Bí mo bá pàdé Rìsíkátù lọ́nà, ó ń kí mi, ó ń béèrè yín, ó sì ń kọjá lọ.

Màámi, ẹ má fi ohunkóhun rán mi sí i mọ́. Dúpẹ́ ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ pè é, ẹ bá a kẹ́dùn fúnra yín, nítorí pé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kò tíì gbọ́ ohùn yín. Ṣùgbọ́n ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo mọ̀ yín, ẹ ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́, yóò gbà nítorí yín. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ nítorí yín.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó fún yín ní oorun àsùnjí, kí ó fi ìlera sí eegun yín. Ẹ bá mi kí Bùrọ̀dá àti àwọn ọmọ wọn, ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ, ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé. Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí mi, ẹ bínú dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá.