Àga Òsì

Délé àbúrò mi,

Ara mi le, ọjà ń tà, òjò Monrovia nìkan ló ń yọ wá lẹ́nu. Pásítọ̀ Oyèwùnmí gbé síídì tó o fi rán an dé, a sì wò ó lẹ́yìn ìsìn ní Gardnersville. Gbogbo ìjọ ló pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n rí ìwọ àti ẹgbẹ́ rẹ nínú ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ awabáálù yẹn, tí kì í kúrò nílẹ̀ àmọ́ tó ń mì tìtì bíi báálù gidi. Arábìnrin kan bi mí bóyá àbúrò mi nìyẹn, ó ní, "Da your small brother-o?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n Délé, àga òsì lo jókòó sí. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màámi, nígbà tí ọmọrí ìkòkò jẹ́ sítẹrín wa, ta ló máa ń jókòó lósì? Ọ̀gá awabáálù ló ni ibẹ̀, o kúkú mọ̀.

Bó o ṣe fẹ́ balẹ̀ báyìí ni epo jẹnẹrétọ̀ tán. Pásítọ̀ wo gálọ́ọ̀nù epo tí mò ń tà, tó wà lẹ́sẹ̀ mi. Mo ní oníbàárà kan ló ni ín. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, ó dájú pé o balẹ̀ ire.

Bá mi kí Màámi àti Níkẹ́ ìyàwó rẹ. Sọ fún wọn pé inú mi dùn gan-an ni. Tó o bá tún wọ inú ẹ̀rọ yẹn, jọ̀ọ́, àga ọ̀tún ni kó o jókòó sí. Fi tòsì sílẹ̀, bí ò tiẹ̀ sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Níran