Eérú Tútù Nílé Ìyá Torcuil

Holm, lẹ́bàá Stornoway,
Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Kejìlá, 1919.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Beathag,

Ẹ kú òtútù Glasgow, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Mo gbàdúrà pé kí ìwé yìí bá yín lórí ìdúró. Ara tèmi le; ọkàn mi ni kò le.

Láti oṣù Kẹjọ tí mo ti wá kàwé níhìn-ín, iṣẹ́ kan ni Ìyá Torcuil, onílé mi, fi lé mi lọ́wọ́. Láràárọ̀, mo máa ń kúnlẹ̀ níwájú ààrò, n ó fi ọwọ́ wọ́ eérú kúrò díẹ̀díẹ̀, títí ẹyin iná tí ìyá bò mọ́lẹ̀ lálẹ́ yóò fi lajú. N ó to ògúlùtu ilẹ̀ gbígbẹ tí a fi ń dáná yí i ká, n ó fẹ́ ẹ. Lẹ́yìn náà, n ó yí aṣọ Torcuil padà lórí àga, kí ẹ̀yìn rẹ̀ náà lè rí ooru. Ìyá ọkọ ìyá ló fi iná náà lé e lọ́wọ́. Iná náà kò kú rí.

Ẹ rántí ọkọ̀ òkun Iolaire tó ń kó àwọn ọmọ ogun wa bọ̀ wálé, tó fọ́ mọ́ apáta lóru ọdún tuntun tó kọjá, tí àwọn ọmọ wa tí ogun kò pa fi wá kú sẹ́nu ọ̀nà ilé. Torcuil wà níbẹ̀. Mo ń rí apáta náà láti ojú fèrèsé. Òkun dá ọ̀pọ̀ òkú padà, kò dá tirẹ̀ padà. Aṣọ tí ìyá rẹ̀ yá síná dè é lálẹ́ ọjọ́ náà kò kúrò lórí àga mọ́.

Raonaid, aládùúgbò wa, sọ fún mi pé nígbà tí ìròyìn dé ní oṣù Kẹfà pé àwọn ará Jámánì fọwọ́ ara wọn ri ọkọ̀ ogun wọn tí ìjọba wa dá dúró sí Orkney, ńṣe ni ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Wọ́n ri tiwọn lọ́sàn-án gangan, ọ̀pọ̀ wọn sì yè. Àwa tí a ṣẹ́gun ńkọ́?”

Lọ́jọ́ Sátidé, Raonaid wọlé, ó rí aṣọ náà. Ó ní, “Ìyá Torcuil, ṣé ẹ fẹ́ yan aṣọ yìí jẹ ni? Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí wọ̀ ọ́. Ẹ wò ó bó ṣe ń gbọ̀n bí àgùntàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ irun rẹ̀!” Ìyá ní, “Raonaid, ẹnu rẹ ò nílẹ̀kùn. Tó bá dé, kí ni kó wọ̀?” Raonaid bá sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ìyá mi, kò ní dé.” Kò sẹ́ni tó tíì sọ bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ rí.

Láàárọ̀ àná, mo kúnlẹ̀, mo wọ́ eérú. Ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹrẹ̀. Ìyá ti da omi sí i. Ó ti ká aṣọ náà, ó fi okùn dì í. Ó jókòó sínú òkùnkùn, ó ní, “Má dá a mọ́, Oighrig. Ta là ń dáná dè?” Láti àná, kò fẹnu kan nǹkan. Ìṣáná wà, ṣùgbọ́n iná ìṣáná kọ́ ni iná ìdílé. Ẹ sì mọ̀ pé níbi tiwa, ilé tí iná rẹ̀ bá kú, onílé ti lọ nìyẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti ń lọ. Ìgbì kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá sí Scarp, erékùṣù wa, ǹ bá ti sá wálé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a yá aṣọ síná de ẹni tí kò ní dé. Kí ó pa yín mọ́ fún mi.

Èmi àbúrò yín tó wà láàárín àjèjì,
Oighrig.

Àfikún: Raonaid ní nígbà tí òun ń lọ sílé ọkọ, inú ààrò Ìyá Torcuil ni òun ti bu ẹyin iná àkọ́kọ́, òun náà kò sì jẹ́ kó kú. Lọ́jọ́ ọdún tuntun, ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ kí iná jáde nílé rẹ̀. Nítorí náà, lọ́la, kí ọdún tó yí, ni n ó gbé garawa lọ bá a láti bu iná náà wá. Bí ìyá bá tún da omi sí i, n kò mọ ohun tí n ó ṣe.