Ọ̀pá Tí Bàbá Fi Ń Wọn Omi

Àtìní, 5 Máàṣì 1951
Ó ti dájú. Arúgbó, ọkọ̀ ojú omi wa, ń padà sọ́wọ́ àwọn Faransé ní Àjàṣẹ́. Ìjọba yá a lọ́wọ́ wọn nígbà ogun Hítílà, ìsinsìnyí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Kí wọ́n máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀pá tí mo fi ń wọn omi níwájú ọkọ̀ — Bàbá mi ló gé e, òun ló fín ìlà sí i lára. Bí omi ò bá dé ojú ìlà, kí ọkọ̀ dúró. Kùkùté igi tó lè la ọkọ̀ ló kún abẹ́ omi lẹ́yìn Àgbádárìgì. Wọ́n ti kọ ọ̀pá náà mọ́ ẹrù ọkọ̀!

Àlàrùbá, 7
Mo lọ bá akọ̀wé ọ́fíìsì ọkọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Dáfídì ará Pópó Àgùdà. Mo ní ọ̀pá bàbá mi ni. Ó ní ó ti wọ̀wé. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ti wọ̀wé. Orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn: Ó-ti-wọ̀wé. Ó tún ní kí n bá wọn wọn omi dé Àjàṣẹ́. Mo ní mi ò lọ, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Inú ń bí mi, oúnjẹ ò lọ.

Àlàmísì, 8
Ó-ti-wọ̀wé ò sí ní ọ́fíìsì.

Jímọ̀, 9
Fàtáì àbúrò mi tó ń ránṣọ yà wá lẹ́yìn ìrun. Mo rojọ́ fún un. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, ọ̀pá á padà wálé. Ọ̀rọ̀ télọ̀! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló bá wa wọkọ̀, ó ń bì títí a fi dé. Kò tiẹ̀ mọ̀wẹ̀.

Sátidé, 10
Ó tó gẹ́ẹ́. Mo gé ọ̀pá mìíràn, mo fi èédú àti epo pa á kó lè gbó. Ìlà rẹ̀ ni mo fín sísàlẹ̀ ju ti Bàbá lọ, ìbú ọwọ́ kan. Á máa sọ pé omi tó níbi tí kò tó. Kí Arúgbó jókòó sórí iyanrìn, kí wọ́n máa wo ara wọn! Mo pààrọ̀ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò fura. Ti Bàbá wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Àtàláátà, 13
Arúgbó gbéra ní ìdájí. Mi ò lọ wò ó.

Ọjọ́ kan náà
Afusat ìyàwó Fàtáì wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Fàtáì wà nínú ọkọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ bẹ Ó-ti-wọ̀wé pé kó fi òun sípò mi, kí ọ̀pá Bàbá má bàa bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Ó ní òun á tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Faransé, òun á gbé e wálé fún mi. Fàtáì kìlọ̀ fún Afusat pé kó má sọ fún mi títí ọkọ̀ á fi lọ.

Mo sáré dé etí omi, mo ń wá ẹni tó máa bá mi lé Arúgbó. Àwọn ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: ta ló ń fi àjẹ̀ lé ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì?

Iyanrìn ni mo kọ síbí ní Sátidé. Kùkùté ló wà níbẹ̀. Mo mọ̀.

Mo ti fa ọ̀pá Bàbá jáde. Afusat ṣì jókòó ní pálọ̀, ó ń retí kí n sọ ohun tó dé.