Ará Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn

Àǹtí mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ foríjì mí fún ìwé kíkọ mi tó rí wúruwùru yìí. Ẹ mọ̀ pé mi ò pẹ́ nílé ẹ̀kọ́, ọ̀rọ̀ kì í sì í yá mi lọ́wọ́. Bí mo bá kọ ọ̀kan, mo ní láti dúró wá èkejì. Mi ò lè sọ èyí fún yín lórí fóònù, nítorí ògiri wa fẹ́lẹ́. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti fúyẹ́, àwọn ọmọ sì ń gbọ́ràn. Ara èmi náà le. Ọkàn mi nìkan ni mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Ẹ ní kí n sọ bí ilé ọkọ ṣe rí. Ọkọ mi kì í ṣe èèyàn burúkú rárá. Yàrá kan là ń gbé: bẹ́ẹ̀dì lápá kan, sítóòfù àti ìkòkò lápá kejì, àárín wọn ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, á fi aṣọ funfun bo ògiri, á tan iná kékeré kan, á gbé fóònù lé orí ẹsẹ̀ onírin, á sì gbé jìtá. Láìfù ni wọ́n ń pè é. Bó ṣe ń kọrin lọ́wọ́ làwọn èèyàn ń wò ó láti ibi tó jìnnà, wọ́n á sì máa kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lójú fóònù. Kò sí ilé-iṣẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Òun lọ̀gá, òun lọmọṣẹ́.

Èmi wá ńkọ́? Ìta ni tèmi. Kò pẹ́ tí mo dé tí ìdérí ìkòkò fi bọ́ lọ́wọ́ mi gbàù, orin dàrú. Kò bínú, ó kàn ní, “Ìyàwó, jọ̀ọ́, máa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí n ó fi ṣe tán.” Láti ìgbà náà, orí korobá tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀ ni mo ń jókòó sí. Aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì á kọjá, á ní, “Ìyàwó olórin, wọ́n tún ti lé ẹ síta? Àbí o ò sanwó ìwòran ni?” Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Àǹtí mi, ẹ̀rín náà kì í dé ikùn.

Ohun tó ń dùn mí ni pé, nígbà tó bá fi parí, ọ̀rọ̀ á ti tán lẹ́nu rẹ̀. Á jẹun, á ní “o ṣé,” á sùn. Àmọ́ ó mọ èyí tí ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn nínú àwọn tó ń wò ó. Ó mọ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́. Èmi tí mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò bi mí rí bóyá àárò ilé ń sọ mí.

Ni mo bá fi fóònù tí ẹ fún mi wọ láìfù rẹ̀. Wọ́n ní kí n mú orúkọ, mo tẹ Ará Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn. Ìka kan ni mo fi tẹ ìyókù: “Ẹ kú iṣẹ́. Orin yín ń tù mí nínú. Èmi nìkan ni mo wà.” Mo gbọ́ èsì rẹ̀ lára ògiri kó tó dé orí fóònù, torí ohùn kì í tètè débẹ̀: “Ará Ẹ̀yìn Ilẹ̀kùn, orúkọ yín pa mí lẹ́rìn-ín o! Ẹ má dá wà o. Ṣé ẹ ti jẹun?” Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ mi bi mí bóyá mo ti jẹun, lẹ́ẹ̀kan lára ògiri, lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù, kò sì mọ̀ pé èmi ni. Mo fi ìborùn nu ojú.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di àṣà. Mo ń retí ìrọ̀lẹ́ bí ẹni ń retí àlejò. Àfi lọ́sẹ̀ tó kọjá, tí íápíìsì tí mo kì sétí yọ kúrò lára fóònù níbi tí mo ti ń tẹ ọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ bú jáde lórí fóònù mi, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn padà wọlé tọ̀ ọ́, bíi pé èèyàn méjì ń já orin kan gbà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ó dákẹ́, ó bẹ àwọn tó ń wò ó, ó ṣílẹ̀kùn. Ó rò pé aránṣọ ni. Èmi ló bá, pẹ̀lú orúkọ yẹn gbàgàdà lójú fóònù. Ó kà á, ó wò mí. Ó ní, “Ìwọ ni?” Ó padà wọlé, ó kọ orin tó kù, àmọ́ kò kí ẹnikẹ́ni mọ́.

Láti ìgbà náà ni ilé ti tutù. Ẹ̀rù ń bà mí pé ó rò pé mò ń ṣọ́ òun ni. Àfi láàárọ̀ òní tó ń fọ ojú, tó ní, “Àárò ń sọ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tó jìnnà lò ń sọ ọ́ fún?” Mo ní, “Ẹ̀yin ni mò ń sọ ọ́ fún. Ibẹ̀ nìkan lẹ ti ń gbọ́ mi.” Àǹtí mi, mi ò mọ ibi tí mo ti rí ẹnu yẹn. Ó nu ojú, ó wọ yàrá lọ. Bóyá mo ti ba ilé mi jẹ́ o, bóyá mo tún un ṣe, mi ò mọ̀. Mo ṣì ń retí ire ṣá.

Kí ilé yín má dá páropáro láé. Kí ẹni tí ẹ bá pè máa dá yín lóhùn, kí Ọlọ́run sì jẹ́ kí n fojú kàn yín láìpẹ́.

Èmi ni,
Àbúrò yín tí ẹ tọ́ bí ọmọ.

Mo gbàgbé: ṣé àbíkẹ́yìn yín ti ń rìn? Ẹ bá mi gbé e jó. Bí mo ṣe ń kọ èyí, jìtá ń dún nínú yàrá. Mo wo fóònù mi, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Kò ṣí láìfù. Ọ̀sán gangan nìyí, mi ò mọ ẹni tó ń ta á fún. Ó ti dáwọ́ dúró. Ó ń pè mí, Àǹtí, orúkọ tí ìyá wa sọ mí gan-an ló ń pè, ó ní kí n wá, pé orin kan wà tí òun fẹ́ kí n